Ọba Ni, Kì í Ṣe Ayaba: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Ààfin, Ẹ̀sìn àti Ipò Obìnrin nínú Ìtàn Hatshepsut ti Íjíbítì Àtijọ́

Àṣamọ̀

Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa Hatshepsut, obìnrin tó jọba ní Íjíbítì láti nǹkan bí ọdún 1479 sí 1458 kí a tó bí Krístì, ni ó bí iṣẹ́ yìí. Oríṣi ìtàn méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ó fi ẹ̀tàn gba adé lọ́wọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀, ó sì múra bí ọkùnrin kí àṣírí má baà tú. Àwọn mìíràn ní ajàjàgbara fún àwọn obìnrin ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a yẹ àwọn ère, àwọn àwòrán ara ògiri àti àwọn àkọlé tó kù sílẹ̀ wò, a sì rí i pé kò sí èyí tó ka iṣẹ́ ọnà náà bó ṣe yẹ nínú ìtàn méjèèjì. Èrò wa ni pé ipò ọba ni iṣẹ́ ọnà náà ń yà, kì í ṣe ara ẹni tó wà lórí ipò náà. A tún fi hàn pé obìnrin kan tó gorí oyè kò sọ fún wa bí ayé ti rí fún àwọn obìnrin yòókù. Ibòmíràn ni ẹ̀rí ìyẹn wà. A fi àbá díẹ̀ kádìí rẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́.

1. Ìfáàrà

Kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn, ní iṣẹ́ ọnà tàbí ní ìmọ̀ ẹ̀sìn tí kò ní dárúkọ Íjíbítì àtijọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tí a sábà máa ń mẹ́nu bà ni àwọn pírámíìdì, Fáráò inú Bíbélì àti Kùránì, odò Náílì àti Cleopatra. Bí ọ̀rọ̀ bá kan obìnrin, Cleopatra nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Àwọn tó bá tilẹ̀ ti gbọ́ orúkọ Hatshepsut rí, ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: obìnrin tó múra bí ọkùnrin kí ó lè jọba.

Gbólóhùn yẹn gan-an ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. A kò sọ pé irọ́ pọ́ńbélé ni. Lóòótọ́ ni àwọn ère Hatshepsut wà tó ní irùngbọ̀n, tó ró ìbàǹtẹ́ ọba, tí kò sì ní ọmú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́. Ó ti gbà pé ẹ̀tàn ni ère náà, pé àwọn tó ń wò ó nígbà náà kò mọ̀ pé obìnrin ni, àti pé ojú ara ni ère ọba wà láti fi hàn. Bí olùkọ́ bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin tó jókòó sínú kíláàsì yóò mú lọ sílé ni pé obìnrin kò lè ṣe olórí àfi tó bá fi ara rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyẹn, kò sì yẹ kí a máa fi kọ́ni láìwo ẹ̀rí tó wà nídìí rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a óò gbìyànjú láti dáhùn:
(a) Kí ni àwọn ará Íjíbítì ní lọ́kàn tí wọ́n bá pe ẹnì kan ní ọba?
(b) Kí ni àwọn ère àti àwọn àkọlé Hatshepsut ń sọ gan-an tí a bá kà wọ́n pọ̀?
(d) Ǹjẹ́ a lè fi ipò rẹ̀ díwọ̀n ipò obìnrin ní àwùjọ Íjíbítì?

2. Ta ni Hatshepsut?

Ìran ọba kejìdínlógún ti Íjíbítì ni Hatshepsut ti wá. Ọba Thutmose Kìn-ín-ní ni bàbá rẹ̀. Ahmose, olorì àgbà, ni ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ Thutmose Kejì tó jẹ́ ọbàkan rẹ̀, nítorí pé àṣà ààfin gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ láàyè. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Neferure ni a mọ̀ pé ó bí. Nígbà tí Thutmose Kejì wàjà, ọmọkùnrin tó fi sílẹ̀, Thutmose Kẹta, ṣì kéré gan-an. Obìnrin mìíràn nínú ààfin, Iset, ni ó bí ọmọ náà. Hatshepsut di adelé.

Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tó ṣàjèjì. Àwọn ìyá ọba àti olorì ti ṣe adelé rí ní Íjíbítì. Merneith ti ìran ọba kìn-ín-ní ní ibojì láàárín ibojì àwọn ọba ní Abydos. Ohun tó yàtọ̀ ni pé, nígbà tí yóò fi di ọdún keje ìjọba ọmọ náà, Hatshepsut ti gba gbogbo orúkọ oyè tí ọba máa ń jẹ́, ó sì ti dé adé. Ṣùgbọ́n kò yọ Thutmose Kẹta kúrò lórí oyè. Ọdún ìjọba ọmọ náà ni wọ́n ń kà lọ fún àwọn méjèèjì. Àwòrán àwọn méjèèjì wà pa pọ̀ nínú ilé ìsìn kékeré tí wọ́n fi òkúta pupa kọ́ ní Karnak, àwọn méjèèjì múra bí ọba, Hatshepsut ni ó sì sábà máa ń wà níwájú. Lẹ́yìn tí Hatshepsut kú, Thutmose Kẹta nìkan jọba fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Íjíbítì. Ẹni tó gba adé lọ́wọ́ ọmọdé kì í sábà jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà tán kí ó sì kọ́ iṣẹ́ ogun. Kókó yìí nìkan tó láti mú kí a tún ìtàn ẹ̀tàn yẹn wò.

3. Ọ̀rọ̀ tí èdè kò ní

Nínú èdè Íjíbítì àtijọ́, orúkọ tí wọ́n fún àwọn obìnrin ààfin so mọ́ ọba: ìyàwó ọba, ìyá ọba, ọmọbìnrin ọba. Wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún obìnrin tó fúnra rẹ̀ jẹ́ ọba. Nígbà tí Hatshepsut gorí oyè, àwọn akọ̀wé ààfin ní láti lo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún ọba, kí wọ́n sì wá ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí ó hàn pé obìnrin ni. Èdè náà ní àmì tó máa ń fi abo hàn ní ìparí ọ̀rọ̀. Àmì yìí ni wọ́n ń fi sára àwọn orúkọ oyè náà. Níbi tí ọba yòókù ti ń jẹ́ Ọmọkùnrin Re, òun ń jẹ́ Ọmọbìnrin Re. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ Horus, òrìṣà tó jẹ́ akọ, ní ọ̀nà tó fi di abo.

Èyí ni ó da Jean-François Champollion láàmú nígbà tó dé Deir el-Bahari ní ọdún 1829. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣí àṣírí bí a ṣe ń ka àkọlé Íjíbítì. Ó rí ọba onírùngbọ̀n lára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin ni. Ìdààmú Champollion fi ohun kan hàn wá. Ẹni tó bá lè ka àkọlé náà kò lè ṣi ọba yìí mú sí ọkùnrin. Bí ẹ̀tàn bá ni ère náà, àwọn tó gbẹ́ ẹ ti tú àṣírí ara wọn lára òkúta kan náà.

Ó yẹ kí àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ni fara balẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe ìyàwó ọba àti obìnrin tó jọba, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń to Hatshepsut àti Nefertiti sójú kan náà. Èdè Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn. Olorì tàbí ayaba ni ìyàwó ọba; ọba ni ẹni tó wà lórí oyè, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Bí a bá pe Hatshepsut ní ayaba lẹ́yìn ọdún keje, a ti já a kúrò lórí oyè pẹ̀lú ẹnu wa. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún iṣẹ́ yìí. “Ó” àti “rẹ̀” kò fi akọ tàbí abo hàn. Bí a bá túmọ̀ àkọlé Hatshepsut sí Yorùbá lásán, ìjà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ abo àti àwòrán akọ yóò pòórá, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní rí ohun tí Champollion rí. Olùkọ́ ní láti sọ ọ́ jáde.

4. Ẹ̀sìn: ọmọ ta ni ọba?

Ní Íjíbítì, ẹ̀sìn ni gbòǹgbò ipò ọba. Horus ni ọba tó wà láàyè. Ọmọ Re ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé Maat ró. Maat ni òrìṣà obìnrin tó dúró fún òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti ètò ayé. Hatshepsut fi Maat sínú orúkọ tó jẹ lórí oyè, Maatkare. Kí ó tó gorí oyè ló ti di ipò ńlá kan mú nínú ẹ̀sìn: òun ni Aya Òrìṣà Amun ní Thebes. Oyè yìí ní ilẹ̀, òṣìṣẹ́ àti dúkìá tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ òfo ni ó bá dé orí oyè.

Àwòrán tó ṣe pàtàkì jù nípa ẹ̀sìn wà nínú ilé ìsìn rẹ̀ ní Deir el-Bahari. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí rẹ̀ sára ògiri. Òrìṣà Amun gbé àwọ̀ Thutmose Kìn-ín-ní wọ̀, ó sì wọlé tọ Ahmose lọ. Khnum, òrìṣà tó ní orí àgbò, mọ ọmọ náà lórí kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò, bí ẹni tó mọ ìtàn Ọbàtálá yóò ṣe retí. Heqet, òrìṣà obìnrin tó ní orí ọ̀pọ̀lọ́, fún un ní ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Ahmose tó ti lóyún lọ sí ibi tí yóò bímọ sí. Ọmọ tí Khnum mọ, ọkùnrin ni nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì pe ọmọ náà ní obìnrin.

Ohun tí àwọn kan sọ ni pé irọ́ ìṣèlú ni èyí, pé obìnrin tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè ni ó ń wá àwáwí. A kò lè gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Amenhotep Kẹta, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò bá du oyè, gbẹ́ irú ìtàn ìbí kan náà sára ògiri ilé ìsìn Luxor. Bí ọkùnrin bá ṣe é tí a pè é ní ẹ̀sìn, kí ló dé tí obìnrin ṣe é tí a pè é ní àwáwí?

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbójú fo ohun kan. Bàbá ni ìtàn náà gbé ẹ̀tọ́ lé lórí, kì í ṣe ìyá. Bí ó ti wù kí Ahmose níyì tó nínú àwòrán yẹn, ẹni tí wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ bí ọba ni. Hatshepsut kò sọ níbì kankan pé nítorí òun jẹ́ obìnrin ni òun ṣe yẹ lóyè, kò sì sọ pé kí obìnrin máa jọba lẹ́yìn òun. Àwọn tó sọ ọ́ di ajàjàgbara ní láti wá ẹ̀rí tí a kò rí lára ògiri yẹn.

5. Ère: ara ẹni tàbí ara oyè?

Ère Hatshepsut pọ̀, wọn kò sì rí bákan náà. Ọ̀kan tó lókìkí wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ní New York. Òkúta funfun ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó jókòó, ó wé aṣọ ìborí onílà tí àwọn ọba ń wé, ó sì ró ìbàǹtẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀, ejìká rẹ̀ tín-ín-rín, ọmú rẹ̀ sì hàn. Nínú mùsíọ́ọ̀mù kan náà ni àwọn ère ńlá tí wọ́n fi akọ òkúta gbẹ́ wà, níbi tó ti kúnlẹ̀ tó ń rúbọ, pẹ̀lú irùngbọ̀n àti àyà ọkùnrin.

Àwọ̀ tí wọ́n fi kun àwọn ère náà tún ràn wá lọ́wọ́. Nínú ìlànà iṣẹ́ ọnà Íjíbítì, àwọ̀ pupa ni wọ́n ń fi kun ara ọkùnrin, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń fi kun ara obìnrin. Lára àwọn ère ńlá tí wọ́n gbẹ́ mọ́ òpó ní Deir el-Bahari, àwọn kan ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn kan ní àwọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, àwọn kan sì pupa. Ohun tí a rí níbí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń wá ojútùú sí ìṣòro lẹ́nu iṣẹ́: báwo ni a ṣe ń ya obìnrin tó jẹ́ ọba? Wọ́n gbìyànjú ọ̀nà kan, wọ́n gbìyànjú òmíràn, nígbẹ̀yìn wọ́n fi àbá sí ibi tó bá àṣà mu jù. Ẹni tó fẹ́ tan ará ìlú jẹ kò ní gbẹ́ ojútùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ilé ìsìn kan ṣoṣo.

Hatshepsut kọ́ ni ó kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé. Sobekneferu ti ìran ọba kejìlá jọba ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú rẹ̀. Ère rẹ̀ kan tó ti kán wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Páríìsì. Aṣọ obìnrin ni ó wọ̀, ó wá ró ìbàǹtẹ́ ọba lé e lórí. Lójú tiwa, ère yẹn ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ náà: aṣọ ti ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, aṣọ oyè wà lókè.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa láti lóye. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé. Agbádá àti fìlà ni ó ń wọ̀, kábíyèsí ni wọ́n ń kí i, àwọn ìjòyè sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sí ará ìlú tí yóò sọ pé ó ń tan òun jẹ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé oyè ni a wọ aṣọ fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré: adelé tiwa yóò bọ́ aṣọ náà lọ́jọ́ tí ọba tuntun bá jẹ, ṣùgbọ́n Hatshepsut kò bọ́ tirẹ̀ títí ó fi kú. Ìyàtọ̀ yẹn ni ó yẹ kí a máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé lórí, kì í ṣe irùngbọ̀n.

6. Obìnrin mìíràn lára ògiri kan náà

Ní ọdún kẹsàn-án ìjọba náà, Hatshepsut rán ọkọ̀ ojú omi gba Òkun Pupa lọ sí ilẹ̀ Punt. Wọ́n kó wúrà, eyín erin, igi ébónì, ọ̀bọ àti òjíá bọ̀, wọ́n sì hú igi òjíá pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ wá sí Íjíbítì. Ìrìn àjò yìí wà lára ògiri Deir el-Bahari, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó àti àwọn ẹja inú òkun tí wọ́n yà fínnífínní. Ọ̀pọ̀ ìwé ló yin àwòrán náà, ìyìn yẹn sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé kan náà kì í sọ púpọ̀ nípa Ati, ìyàwó Parahu, olórí ilẹ̀ Punt. Ati sanra gan-an nínú àwòrán. Ẹran ara rẹ̀ ṣù lápá àti lẹ́sẹ̀. Wọ́n ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ó ń gbé ìyàwó olórí náà. Àwọn oníṣègùn òde òní ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí irú àìsàn tó lè ṣe é. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Ní ilé ìsìn yìí, obìnrin alágbára méjì ni a rí. Wọ́n ya ọ̀kan bí ọba tí kò lábùkù, wọ́n ya èkejì bí ohun ìwòran. Bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe tàbí wọ́n kàn ya ohun tí wọ́n rí, ó dájú pé wọn kò fún Ati ní ẹwà tí wọ́n máa ń fún obìnrin ààfin Íjíbítì. Ẹ̀wà pípé nínú iṣẹ́ ọnà ààfin wà fún àwọn tiwọn. Ọba obìnrin kò yí èyí padà.

7. Ta ló pa orúkọ rẹ́?

Ìtàn ìkórìíra ni ó dùn ún sọ jù. Wọ́n ní bí Hatshepsut ti kú ni Thutmose Kẹta bínú fọ́ ère rẹ̀, tó sì ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ní àwọn ọdún 1920, Herbert Winlock àti àwọn òṣìṣẹ́ Mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan wú àfọ́kù ère rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ jáde nínú kòtò nítòsí ilé ìsìn náà, àwọn àfọ́kù yìí sì mú kí ìtàn ìbínú náà gbilẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1966, Charles Nims fi hàn pé iṣẹ́ ìparẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ìbínú wo ni yóò sùn fún ogún ọdún kí ó tó jí? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà pé ọ̀rọ̀ àrólé ló wà nídìí rẹ̀: Thutmose Kẹta ti darúgbó, ó fẹ́ kí ọ̀nà mọ́ fún ọmọ rẹ̀, Amenhotep Kejì. Ní ọdún 2025, Jun Yi Wong tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà Antiquity. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni wọ́n kán ní ọrùn, ní ìbàdí àti ní orúnkún, bí wọ́n ṣe máa ń kán ère àwọn ọba mìíràn láti gba agbára tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn ni ìyẹn, kì í ṣe ìbínú. Síbẹ̀, wọ́n ha orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọn kò sì kà á mọ́ àwọn ọba tí Seti Kìn-ín-ní to orúkọ wọn sára ògiri ní Abydos. Wọn kò ka Akhenaten àti Tutankhamun náà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń tọ́jú ni okùn oyè láti ọwọ́ bàbá sí ọmọ. Ẹnikẹ́ni tó bá dà á rú, wọn yóò yọ ọ́ sọ nù. Ó jẹ́ ìwà ìkà tó tutù ju ìbínú lọ, ó sì ṣe é ṣe kí ó kan obìnrin ju ọkùnrin lọ, nítorí pé obìnrin lórí oyè ti da okùn náà rú kí ó tó ṣe ohunkóhun.

8. Àwọn obìnrin tí kò dé adé

Bí a bá fẹ́ mọ ipò obìnrin ní Íjíbítì, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ààfin. Ní abúlé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Deir el-Medina, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Naunakhte. Ní nǹkan bí ọdún 1145 kí a tó bí Krístì, ó dúró níwájú àwọn onídàájọ́, ó sì pín ogún rẹ̀ níṣojú wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni ó tọ́. Ó yọ àwọn kan nínú wọn kúrò nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní, nítorí pé wọn kò tọ́jú òun ní ọjọ́ ogbó. Ìwé náà wà títí di òní.

Ohun tí ìwé yìí fi hàn kò kéré. Obìnrin lè ní dúkìá tirẹ̀, ó lè jogún, ó lè tà, ó lè pe ẹjọ́, ó sì lè kọ ọkọ. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni ọkùnrin tó dúró fún un. Bákan náà, ìwé kan náà ni ó jẹ́ ká mọ ààlà. Àwọn ọkùnrin ni akọ̀wé, àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó di ipò ìjọba mú, oyè tí ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń jẹ́ lára ibojì ni ìyáálé ilé. Nínú àwòrán, ìyàwó sábà máa ń kéré sí ọkọ. Ní Abu Simbel, Ramesses Kejì jẹ́ kí ère Nefertari ga bí tirẹ̀ níwájú ilé ìsìn kékeré, ohun tí kò wọ́pọ̀ ni. Síbẹ̀ ère ọba mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ti olorì sì jẹ́ méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí nìyí. Hatshepsut jọba, kò sì sí ẹ̀rí pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin nítorí rẹ̀. Naunakhte kò jọba, ó sì lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ipò ọba àti ipò obìnrin jẹ́ ohun méjì. Ẹni tó bá fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì yóò ṣìṣirò.

9. Ìkìlọ̀ nípa ìfiwéra

A ti mẹ́nu ba adelé Àkúrẹ́ àti Èkìtì lókè, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, wá orírun Yorùbá lọ sí apá Íjíbítì àti Nubia. J. Olumide Lucas náà, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 lórí ẹ̀sìn Yorùbá, gbìyànjú láti fi hàn pé Íjíbítì ni ẹ̀sìn wa ti wá. Ọ̀rọ̀ tó jọra ní etí ni ó gbára lé púpọ̀, ìbójọra etí kò sì tó ẹ̀rí. Àwa kò sọ pé adelé wa ti Íjíbítì wá. Ohun tí a sọ ni pé àwùjọ méjì tí kò mọra lè bá ìṣòro kan náà pàdé, kí wọ́n sì rí ojútùú tó fara jọra. Kò pọn dandan kí a jẹ́ ọmọ Íjíbítì kí a tó lè ka Íjíbítì dáadáa.

10. Àbá àti àgbálọgbábọ̀

Àbá mẹ́ta ni a fẹ́ fi síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí olùkọ́ má ṣe fi àwòrán ère kan ṣoṣo han kíláàsì. Kí ó fi ère funfun tó jókòó àti ère onírùngbọ̀n tó kúnlẹ̀ hàn pa pọ̀, kí ó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló dé tí ẹnì kan fi ní méjèèjì. Èkejì, kí a máa ka àkọlé pọ̀ mọ́ àwòrán, kí a sì ṣàlàyé ohun tí èdè tí a fi ń kọ́ni, ì báà jẹ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ń fi pamọ́. Ẹ̀kẹta, nígbàkígbà tí a bá kọ́ wọn nípa Hatshepsut, kí a kọ́ wọn nípa Naunakhte pẹ̀lú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé kì í ṣe orí ìtẹ́ nìkan ni obìnrin ti ní ẹ̀tọ́.

Ní Karnak, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ̀n òkúta ṣóńṣó tí Hatshepsut gbé kalẹ̀ ṣì dúró títí di òní. Ó ga tó mítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Akọ òkúta pupa láti Aswan ni, odindi kan ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ. Àkọlé ìdí rẹ̀ sọ pé oṣù méje ni iṣẹ́ náà gbà níbi tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n mọ ògiri yí i ká kí ojú má baà rí i. Ògiri náà ni ó wá dáàbò bo àkọlé tó wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abo wà níbẹ̀, orúkọ ọba wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la kí wọ́n lè ka méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má sì yọ ọ̀kan sọ nù nítorí èkejì.